Títún Alùpùpù Àtijọ́ Ṣe Nílé: Ẹ̀kọ́ Lórí Ẹ̀rọ àti Èdè

ÌFÁÁRÀ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òwe yìí ni mo fi bẹ̀rẹ̀ nítorí pé ìbéèrè ni pàtàkì iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún ẹ̀rọ àtijọ́ ṣe nílé ara rẹ̀, irinṣẹ́ díẹ̀ ti tó o. Ohun tí kò gbọdọ̀ wọ́n ọn ni ìbéèrè tó tọ́, kí ó sì mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ béèrè.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ ni ó gbà pé èdè Yorùbá dára fún oríkì, ìjálá àti àlọ́, ṣùgbọ́n pé bí ọ̀rọ̀ bá di ti ẹ̀rọ, àfi kí á yà sí ọ̀nà èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rí tí a máa ń tọ́ka sí ni orúkọ àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ. Pulọ́ọ̀gì, kábúrétọ̀, písítọ̀nì, kílọ́ọ̀ṣì: ọ̀rọ̀ àyálò ni gbogbo wọn. Èmi náà gba èyí gbọ́ títí di ọdún 2023, nígbà tí mo fi ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ kan tún alùpùpù bàbá àgbà mi ṣe lẹ́yìn ilé ìdáná wa. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé orúkọ ni àwọn mẹkáníìkì wa yá. Ìṣe ẹ̀rọ náà, Yorùbá ni wọ́n fi ń sọ ọ́, Yorùbá náà ni wọ́n sì fi ń wá àìsàn rẹ̀ rí.

ALÙPÙPÙ TÍ À Ń SỌ

Honda CG 125 ni alùpùpù náà. Bàbá àgbà mi, tí ó jẹ́ tíṣà, rà á ní ọdún 1982. Ó gùn ún fún ọdún méjìlélógún kí ó tó gbé e ti ògiri ní 2004. Láti ìgbà náà ni ewúrẹ́ ti ń fi ara ha á, tí adìyẹ sì ń yé sábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ń ti ọmọlanke kiri láti ra irin àlòkù ti bi wá ní iye rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Òṣùwọ̀n kílò ni wọ́n fẹ́ gbé e sí. Ohun tí ó gbé ènìyàn lọ sí ẹnu iṣẹ́ fún ọdún méjìlélógún, wọ́n fẹ́ wọ̀n ọ́n bí ẹni wọn ìṣó. Èyí ni ó mú mi sọ pé kí wọ́n fún mi ní oṣù méjì.

Irú alùpùpù yìí yẹ fún ẹni tí ó ń kọ́ iṣẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1976 ni Honda gbé e jáde, fún àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti ń di ẹrù lé alùpùpù ju bí ó ti yẹ lọ, tí eruku pọ̀ níbẹ̀, tí kò sì sí àyè àtúnṣe lóòrèkóòrè. Ní ọdún 1976 náà ni ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Manaus, ní ilẹ̀ Brazil. Písítọ̀nì kan ṣoṣo ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní, ìwọ̀n inú rẹ̀ sì jẹ́ 124 sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́ta. Ọ̀pá irin méjì tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ń gbé agbára lọ sí òkè láti ṣí fáàfù rẹ̀. Kò sí ṣéènì tí yóò rọ̀ nínú orí ẹ́ńjìnnì. Bí a bá ní sípánà bíi mẹ́fà, sukudíráífà méjì, ohun èlò tí a fi ń tú pulọ́ọ̀gì, àti àwọn abẹ irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo, a lè ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ lójúde.

Ẹ jẹ́ kí á fi ẹnu ba orúkọ rẹ̀ kí á tó kọjá. Máṣíìnì ni bàbá àgbà mi máa ń pè é. Ọ̀kadà ni àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é, orúkọ tí ó wá láti ara ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air tí Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní ọdún 1983. Alùpùpù ni àwa tí a ń kọ ọ́ sílẹ̀ ń pè é. A lè tú ọ̀rọ̀ yìí sí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a-, ọ̀rọ̀ ìṣe lù, àti pùpù tí í ṣe ìró ẹ̀rọ náà. Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ kò wo ojú ohun náà. Etí ni ó fi sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ ó rí i níwájú pé etí náà ni ó gbà mí sílẹ̀.

BÍ Ẹ́ŃJÌNNÌ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Inú bùlọ́ọ̀kù ni písítọ̀nì wà, gẹ́gẹ́ bí ọmọ odó ṣe ń wọ inú odó. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé odó yìí ní ìdérí lókè, ìdérí náà sì ní ilẹ̀kùn kékeré méjì tí à ń pè ní fáàfù. Ọ̀kan jẹ́ ti ìwọlé, ìkejì jẹ́ ti ìjáde. Nǹkan mẹ́rin ni ẹ́ńjìnnì ń ṣe, kò sì gbọdọ̀ fo ọ̀kankan:

(i) Ó ń fà. Písítọ̀nì sọ̀ kalẹ̀, ilẹ̀kùn ìwọlé ṣí, ó sì fa atẹ́gùn tí epo bẹntiróò ti pò mọ́ wọ inú.

(ii) Ó ń fún. Ilẹ̀kùn méjèèjì padé, písítọ̀nì gòkè, ó sì fún ohun tí ó fà mọ́ra títí yóò fi kù bí ìdá kan nínú mẹ́sàn-án.

(iii) Ó ń jó. Pulọ́ọ̀gì ta iná, ohun tí a fún pọ̀ náà gbiná, ó sì ti písítọ̀nì sọ̀ kalẹ̀ tagbáratagbára. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí nìkan ni ó ń mú agbára wá.

(iv) Ó ń tu. Ilẹ̀kùn ìjáde ṣí, písítọ̀nì gòkè lẹ́ẹ̀kejì, ó sì tu èéfín jáde sínú sàlẹ́ńsà.

Fà, fún, jó, tu. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá mẹkáníìkì tí ó wà ní ìkóríta wa ṣe kà á fún mi, tí ó ń fi ìka ka ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí kíráńkì bá yí lẹ́ẹ̀mejì, iná a ta lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá ń yí ní ìgbà 6,000 láàrin ìṣẹ́jú kan, iná ní láti ta ní ìgbà 3,000, èyí tí í ṣe ìgbà 50 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀ẹ̀mejì ni písítọ̀nì ń dé òkè pátápátá nínú ìrìn yìí: nígbà tí ó bá fún tán, àti nígbà tí ó bá tu tán. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Ibẹ̀ ni mo ti kọsẹ̀.

KÍ Á TÓ TÚ U

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀rọ tí ó ti wà lójú kan fún ọdún mọ́kàndínlógún, ìpẹtà á ti so bóòtù àti nọ́ọ̀tì rẹ̀ pọ̀. Ẹni tí ó bá fi agbára tú u yóò gé bóòtù sínú ẹ́ńjìnnì, iṣẹ́ ọjọ́ kan á sì di iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ ajórin. Epo òyìnbó tí a pò mọ́ ọ́ìlì ni kí á tọ́ sí ìdí bóòtù kọ̀ọ̀kan ní alẹ́, kí á sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Kí á tú pulọ́ọ̀gì, kí á da ọ́ìlì bíi ṣíbí méjì sí ojú ihò rẹ̀, kí òun náà sùn síbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, kí á ki gíà tí ó ga jù lọ bọ̀ ọ́, kí á sì fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀. Bí písítọ̀nì bá gbà láti rìn, a dúpẹ́. Bí kò bá gbà, kí á tún tọ́ ọ́ìlì sí i, kí á dúró. Tiwa gbà ní ọjọ́ kẹta.

Ìkejì, ohunkóhun tí a bá tú, kí á ya àwòrán bí ó ṣe wà kí á tó tú u. Agolo mílíìkì mẹ́jọ ni mo lò, mo sì kọ orúkọ ibi tí ohun inú wọn ti wá sí ara wọn. Ohun tí ó bá ti ara ẹsẹ̀ iwájú wá kò gbọdọ̀ bá ti ẹ̀yìn sùn.

ÌBÉÈRÈ MẸ́TA

Bí alùpùpù bá kọ̀ tí kò jí, ìbéèrè mẹ́ta ni à ń bi í, ó sì ní bí a ṣe ń tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn.

Ìkínní: ṣé ó ń fún? A ó tú pulọ́ọ̀gì, a ó fi àtàǹpàkò dí ihò rẹ̀, ẹlòmíràn yóò sì ta kíìkì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń fún dáadáa, yóò ta àtàǹpàkò náà kúrò. Bí kò bá ta á, kí á da ọ́ìlì ṣíbí kan sí i, kí á tún un dán wò. Bí ó bá wá fún nísinsìnyí, ríìngì písítọ̀nì tàbí inú bùlọ́ọ̀kù ni ó ti jẹ, nítorí pé ọ́ìlì ni ó bá wọn dí àlàfo. Bí kò bá tún fún, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ilẹ̀kùn kan ni kò padé dáadáa. Ìbéèrè yìí ni ó ṣáájú, nítorí pé ẹ́ńjìnnì tí kò fún, bí a fi iná ọ̀run sí i, kò ní jó.

Ìkejì: ṣé iná ń ta? A ó fi pulọ́ọ̀gì sí ẹnu wáyà rẹ̀, a ó fi irin ara rẹ̀ kan ara ẹ́ńjìnnì, a ó wá ta kíìkì ní ibi tí òòrùn kò ti mú. A kò gbọdọ̀ gbé epo bẹntiróò súnmọ́ ibẹ̀ rárá. Iná tí ó dára a máa ní àwọ̀ búlúù, a sì máa dún tá-tá. Tiwa kò ta rárá. Kọ́ńtáàtì ni ó fà á, irin kékeré méjì tí wọ́n ń pàdé tí wọ́n sì ń yà lára wọn. Ìgbà tí wọ́n bá yà ni kóìlì ń ju iná sí pulọ́ọ̀gì. Ojú wọn ti dúdú nítorí àìlò. Mo fi sáńpépà tó kúnná nù wọ́n, mo fi aṣọ mímọ́ nù ún tẹ̀lé e, mo sì wọn àlàfo wọn sí mìlímítà 0.35. Mo ṣí ẹnu pulọ́ọ̀gì tuntun sí 0.7. Iná ta.

Ìkẹta: ṣé ó ń fa epo? Epo bẹntiróò tí ó bá pẹ́ nínú kábúrétọ̀ a máa gbẹ, a sì fi nǹkan kan bí oje igi sílẹ̀ tí yóò dí àwọn ihò tínínrín inú rẹ̀. Idẹ ni àwọn ihò náà. Ẹni tí ó bá fi wáyà gún wọn yóò fẹ̀ wọ́n, alùpùpù náà yóò sì máa mu epo ju bí ó ti yẹ lọ títí ayé. Kí á rẹ wọ́n, kí á sì fi ẹ̀rọ atẹ́gùn àwọn tí ń lẹ táyà fẹ́ wọn. Kí á má gbàgbé tánkì. Mo da epo òyìnbó àti ẹ̀kúnwọ́ òkúta wẹ́wẹ́ sínú tiwa, mo mì í fún wákàtí kan, mo dà á nù, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ohun tí ń jáde tó yé pupa bí osùn.

Lẹ́yìn èyí ni mo pààrọ̀ ọ́ìlì, mo fọ asẹ́ rẹ̀, mo sì wọn àlàfo fáàfù.

ÀṢÌṢE MI

Ìwé tí ó wà fún alùpùpù yìí sọ pé kí á wọn àlàfo fáàfù méjèèjì sí mìlímítà 0.08 nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, tí písítọ̀nì sì wà lókè pátápátá. Àmì kan wà lára ẹ̀rọ tí a ó mú bára mu láti mọ̀ pé ó ti dé òkè. Mo mú àmì bára mu. Mo wọn àlàfo. Mo ta kíìkì ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá, ó jí, ṣùgbọ́n ariwo tí ń ti orí ẹ́ńjìnnì jáde dà bí ìgbà tí alágbẹ̀dẹ mẹ́ta bá ń lu irin papọ̀. Kò sì lágbára. Mo ro pé mo ti ba ẹrù bàbá àgbà jẹ́. Mo tì í lọ sí ìkóríta.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mo wọn fáàfù bí ìwé ṣe wí, ariwo rẹ̀ sì pọ̀ báyìí."

Ọ̀gá kò mú sípánà. Ó tẹ́tí sí i fún ìgbà díẹ̀, ó ní kí n pa á. Ó wá bi mí pé, "Nígbà tí o wọ̀n ọ́n, ó fún tán ni, àbí ó tu tán?"

Mo ní, "Àmì rẹ̀ bára mu, sà."

Ó ní, "Mi ò bi ọ́ ní àmì. Ó fún tán ni, àbí ó tu tán?"

Mo dákẹ́. Àmì náà kò lè dáhùn ìbéèrè yẹn, nítorí pé ìgbà méjèèjì tí písítọ̀nì bá dé òkè ni àmì ń bára mu. Bí ó bá tu tán, ilẹ̀kùn ìjáde kò tíì padé tán, ti ìwọlé sì ti ń ṣí. Ibi tí wọ́n ṣí díẹ̀ sí yẹn ni mo ti wọ̀n wọ́n, nítorí náà nígbà tí wọ́n padé, àlàfo náà ti pọ̀ kọjá ààlà. Ọ̀gá ní, "Ilẹ̀kùn ìwọlé ni kí o máa wò. Tó bá ti ṣí, tó sì ti padé, òkè tó kàn ni fífún." Mo jẹ́ kí ó tutù, mo tún un wọ̀n bí ó ti wí. Ariwo náà dáwọ́ dúró.

ORÚKỌ ÀTI ÌṢE

Ìbéèrè ọ̀gá yìí ni ó mú mi kọ àpilẹ̀kọ yìí. Kò sí ọ̀rọ̀ àyálò kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Bí a bá wo gbolóhùn àwọn mẹkáníìkì, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ orúkọ ni wọ́n ń yá jù, wọn kì í sì í yá a lásán. Èdè wa kò gba kí kọ́ńsónáǹtì méjì tẹ̀lé ara wọn, kò sì gba kí kọ́ńsónáǹtì parí sílébù. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi fáwẹ́lì há a láàrin: bíréèkì, kílọ́ọ̀ṣì, sípánà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìṣe tí wọ́n ń lò pẹ̀lú wọn jẹ́ tiwa. Ẹ́ńjìnnì ń mí. Ó ń wúkọ́ bí epo kò bá tó o. Ó ń sín bí iná bá ta lákòókò tí kò yẹ. Ó ń mu ọ́ìlì. Ara ènìyàn ni wọ́n fi wé ara ẹ̀rọ, wọ́n sì ń wò ó bí ẹni ń wo aláìsàn.

Gírámà wa náà ń bá wọn ṣiṣẹ́. Ẹ wo gbolóhùn mẹ́ta yìí: "Kò ta iná." "Kì í ta iná." "Kò ta iná mọ́." Àìsàn mẹ́ta ni wọ́n lójú mẹkáníìkì. Ti àkọ́kọ́ ń sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ báyìí. Ti ìkejì ń sọ pé bí ó ṣe ń ṣe nìyẹn nígbà gbogbo. Ti ìkẹta ń sọ pé ó ti ń ta tẹ́lẹ̀, nǹkan kan ni ó wá bàjẹ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ ti ìkẹta yóò béèrè ohun tí a fọwọ́ kàn kẹ́yìn. Kí a tó mú irinṣẹ́ rárá, atọ́ka ibá àti àwọn wúnrẹ̀n ìyísódì ti tọ́ ọ sọ́nà.

Èmi kò sọ pé wọn kì í yá ọ̀rọ̀ ìṣe. Wọ́n yá nọ́ọ̀kì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n fi ṣe. Lẹ́nu ẹni tí wọ́n ti yá a, ìró kíkàn lásán ni. Lẹ́nu tiwa, bí ẹ́ńjìnnì bá ti nọ́ọ̀kì, ó ti kú nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá ti gba ìtumọ̀ tuntun, ó sì ti di ọmọ ilé.

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa ti ṣe gudugudu méje lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá léwájú rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ láti ọdún 1970 fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ó sì yé e. Ìwé èdè-ìperí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 fún wa ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ohun tí mo rò pé ó kù fún àwa ọmọ ẹ̀yìn ni kí á má jókòó sínú yàrá nìkan máa wá orúkọ tí a ó sọ pulọ́ọ̀gì. Mẹkáníìkì kò ní kọ orúkọ tiwa bí a bá rí èyí tó dára, ṣùgbọ́n orúkọ kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Ìmọ̀ tí ó wà nínú àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe ni ó yẹ kí á lọ kọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà sì ń fẹ́ ìkánjú. Ọ̀gá tí mo sọ nípa rẹ̀ kò ní ọmọ iṣẹ́ mọ́. Ọ̀pọ̀ alùpùpù tí ó wà lójú títì lónìí kò ní kọ́ńtáàtì tí à ń fi ọwọ́ wọn àlàfo rẹ̀. Àpótí kékeré kan tí a dí pa ni ó ń bójú tó iná wọn. Bí ó bá bàjẹ́, wọn a yọ ọ́ jù nù, wọn a sì fi òmíràn sí i. Ó yá, ó sì rọrùn, èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí a kò bá ti bi ẹ̀rọ ní ìbéèrè mọ́, ọ̀rọ̀ tí a fi ń bi í yóò kúrò lẹ́nu wa.

ÌKÁDÌÍ

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo ti ṣàlàyé bí a ṣe ń tún alùpùpù àtijọ́ ṣe nílé: kí á fi sùúrù tú u, kí á bi í léèrè bóyá ó ń fún, bóyá iná ń ta, bóyá ó ń fa epo, kí á má sì pààrọ̀ ohun tí fífọ̀ àti wíwọ̀n lè tún ṣe. Ríìngì, pulọ́ọ̀gì, táyà méjèèjì, wáyà bíréèkì àti ọ́ìlì ni mo rà. Kábúrétọ̀, kọ́ńtáàtì, fáàfù àti tánkì jẹ́ ti ọdún 1982 síbẹ̀. Mi ò kun ún ní ọ̀dà. Ibi tí orúnkún bàbá àgbà ti ha tánkì náà ṣì wà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ tí ó jí dáadáa, bàbá àgbà wà nínú yàrá. Kò sí ẹni tí ó pè wọ́n. Wọ́n jáde, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tẹ́tí sí i títí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ìdúró rẹ̀ ń sáré jù. Dín in kù díẹ̀." Mo dín in kù. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi ni pé kí olúkúlùkù yín wá ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ kan ní àdúgbò rẹ̀ ní ìsinmi tó ń bọ̀, ìbáà ṣe mẹkáníìkì, ajórin, tàbí ẹni tí ń tún rédíò ṣe. Ẹ mú ìwé àti gègé lọ. Bí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀, ẹ má ka orúkọ irinṣẹ́ sílẹ̀ nìkan. Ẹ kọ ohun tí wọ́n sọ pé irinṣẹ́ náà ń ṣe.